Bí Alága Tumbakov Ṣe Fún Màmá Rusanka Lẹ́bùn Ìfẹ̀yìntì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ènìyàn tó ga títí tí orí rẹ̀ fi kan àjà, tí ó sì rò pé ọ̀run ni òun kàn, kí ó wá sí Dolna Lipa, ìlú wa. Àwa la ni Alága Velizar Tumbakov. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló gbé e wá. Ìbò wa ló gbé e wọlé, a sì tún dìbò fún un, nígbà tí a sì rí i pé kò dáa, a tún dìbò fún un lẹ́ẹ̀kan sí i kó baà lè dáa.

Alága wa kì í wọlé bí ènìyàn. Ó máa ń yọ bí oòrùn ni, Snezhina akọ̀wé rẹ̀ á sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé láti sọ fún wa pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Bí Alága bá fẹ́ kí wọ́n bá òun ti fèrèsé, á dìde, á wúkọ́, á ní: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, afẹ́fẹ́ kan ti wọlé tọ̀ wá wá, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!" Snezhina á fọwọ́ nu ojú, á ní, "Alága, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju òtútù náà lọ." Fèrèsé ò sì tíì tì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín jù. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi àlùmọ́gàjí gé rìbọ́ọ̀nù níwájú kòtò ìdọ̀tí tuntun. Mo sọ fún ẹni tó dúró tì mí pé kòtò náà wuyì. Ẹni yẹn ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó wá di ìgbà tí Màmá Rusanka fẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun ló ń dáná ní jéléósinmi ìlú wa. Ó bọ́ àwa, ó bọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọkùnrin mi Asen kì í la ẹnu nílé. Mo ti kọrin fún un, mo ti jó fún un, mo ti sunkún níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá Rusanka bá kàn wò ó báyìí, pẹ̀lú ìgbakọ ọbẹ̀ ní ìbàdí, Asen á jẹ ẹ̀wà tán, á sì lá abọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ó ń lọ, orun ò kùn mí. Mo ní bí a bá fún un ní ẹ̀bùn tó dáa gan-an, bóyá á máa yà wò wá.

Àwa ìyá ọmọ yan ara wa láti wá ẹ̀bùn náà. Ẹnu wa pọ̀, ọpọlọ wa ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní aago ògiri. Milkana Ìyá Ìbejì ní, "Aago kẹ̀? Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ibo ló tún fẹ́ pẹ́ dé?" Ẹnìkan ní ife kọfí oníwúrà. Ẹnìkan ní ìkòkò, gbogbo wa sì yíjú sí i títí tó fi tọrọ àforíjì. Ni mo bá ní, "Ẹ jẹ́ ká rán an lọ sí etíkun. Ẹ jẹ́ ká gba yàrá fún un ní Balchik, kó jókòó, kó máa wo omi."

"Òkun!" ni Milkana wí, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Asen, o ní làákàyè lónìí."

Inú mi dùn débi pé mi ò bínú sí "lónìí" yẹn.

Ó kù kí a rí gbọ̀ngàn tí a ó ti dágbére fún un, gbọ̀ngàn sì wà lọ́wọ́ Alága. A lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá ìdí. Ẹran ló máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọjà.

Ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Alága ò gbójú sókè títí tí Milkana fi sọ pé gbogbo bàbá àti ìyá ọmọ ló máa wá. Ìgbà yẹn ló wá rí wa.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Alága. Màmá gbogbo ìlú ni."

"Kí sì ni ẹ̀bùn?"

"Òkun," ni mo wí.

Alága dìde. Snezhina náà dìde. Àwa náà bá dìde, a ò mọ ohun tó fà á.

"Òkun tóbi," ni Alága wí, "mi ò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bi yín, ẹ̀yin ìyá orílẹ̀-èdè: níbo lára òkun la máa kọ orúkọ mi sí?"

"Háà!" ni Snezhina wí, bí ẹni tí wọ́n ta omi sí.

"Ẹ̀bùn tí a fi pamọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo fẹ́ kí a tẹ pósítà! Àwòrán Rusanka ni kó wà lókè, ọ̀rọ̀ ìmoore tèmi nísàlẹ̀, kí a lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú! Obìnrin wo ló máa jí tí á bá ojú ara rẹ̀ lára igi, tí inú rẹ̀ ò ní dùn?"

Milkana fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Alága," ó rọra ní, "lára igi?"

"Lára igi. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lára ibùdókọ̀. Lára ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ gan-an. Ibikíbi tí ará ìlú yìí bá ti máa ń dúró kàwé, ibẹ̀ ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Àwọn ibi tí ó kà sílẹ̀ yìí, a mọ ohun tí a máa ń kà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú nílùú wa, kí ara rẹ̀ tó tutù, àwòrán rẹ̀ ti wà lára igi àti ilẹ̀kùn, dúdú àti funfun, pẹ̀lú ìlà dúdú yí i ká. Bàbá mi kì í ra ìwé ìròyìn. Igi ló máa ń kà láràárọ̀, á padà wálé, á ní, "Èmi kọ́ lónìí," á wá mu kọfí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alága kì í rìn nílẹ̀ mọ́. Inú ọkọ̀ ló máa ń wà, ojú ara rẹ̀ lára pósítà ìbò nìkan ló sì máa ń wò lójú ọ̀nà. Ta ló máa wá sọ fún un? Ọ̀sẹ̀ tí ìpolongo ìbò bẹ̀rẹ̀ ló ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe "ikú" nínú ilé ìjọba, tàbí "ìṣubú," tàbí "ó parí," kó má baà kó bá òun. Ọkùnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ti gba ìwé ìkìlọ̀ nítorí pé ó sọ fún àlejò kan pé, "Ẹ rọra, ẹ má ṣubú."

Ó tún ṣe òfin kejì lójú wa níbẹ̀: títí ìbò ó fi kọjá, ojú ènìyàn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ mèremère nílùú. Ẹ mọ ojú ẹni náà. "Rusanka jẹ́ onírẹ̀lẹ̀," ni ó wí. "Dúdú àti funfun ló yẹ ẹ́. Kí ẹ sì fi ìlà yí i ká, kó níyì."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Kuncho atẹ̀wé. Ọkùnrin yìí, pósítà òkú ló fi ń jẹun. Òun ló tẹ ti ìyá mi àgbà. Ó tẹ ẹyọ kan wá fún Alága láti wò. Gbogbo wa yí tábìlì ká. Màmá Rusanka ń wò wá láti inú ìlà dúdú, pẹ̀lú fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ti dé ọ̀hún tí kò sì fẹ́ràn ibẹ̀.

Kuncho wúkọ́. "Alága, mo bẹ̀ yín. Ó jọ... ó jọ ti àwọn tí..."

"Ti àwọn tí kí ni?"

Kuncho wo Snezhina. Snezhina wo òrùlé. "Ti àwọn tí kì í jẹ oúnjẹ àárọ̀ mọ́, Alága," ni Kuncho wí.

"Ó ń gbààwẹ̀ ni? Ìwà mímọ́ nìyẹn. Ẹ tẹ ẹgbàá!"

"Ó wuyì gan-an, Alága," ni Snezhina wí.

"Ó wuyì," ni Milkana wí.

Èmi náà ní ìlà dúdú yẹn jẹ́ kí ojú màmá tàn. Ta ni kì bá sọ bẹ́ẹ̀? Alága ló ń fọwọ́ sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa wọ jéléósinmi, àbúrò Asen sì wà níkùn mi.

Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ìlú nídàájí ọjọ́ tí ayẹyẹ máa wáyé. Ẹ wá gbọ́ èyí. Mo fa Asen lọ́wọ́ jáde láàárọ̀, mo dé ibùdókọ̀, mo rí ojú Màmá Rusanka nínú ìlà dúdú, mo sì bú sẹ́kún. Èmi tí mo wà nínú yàrá tí wọ́n ti pète rẹ̀! Èmi tí mo ní ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn! Ojú mi rí i lára igi, ọpọlọ mi sì sálọ. Mi ò ka ìlà kan níbẹ̀. Ta ní ń ka èyí tó kù, tó bá ti rí ojú?

Fóònù mi dún. Milkana ni, ó ń sunkún. "Ìyá Asen, ṣé o ti gbọ́? Màmá ti lọ!"

"Mo ti rí i lára igi! Ta ló máa bá mi bọ́ ọmọ yìí báyìí?"

A jọ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tún wo pósítà náà, mo rí orúkọ Alága nísàlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," mo ní, "ṣé kì í ṣe àwa la..."

"Yéè," ni Milkana wí. "Sáré!"

A sáré dé ilé màmá, ṣùgbọ́n ìlú ti ṣáájú wa débẹ̀. Àgbàlá ti kún fún aṣọ dúdú, àbẹ́là, àti òdòdó tí wọ́n kà ní méjì-méjì bí a ti ń kà á fún òkú. Àwọn obìnrin ti gbé àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà sí wá, wọ́n ń bù ú fún ara wọn, wọ́n ń ní, "Kí Ọlọ́run forí jì í." Ẹnìkan ń sọ pé màmá bẹ̀ òun wò lálàá. Ẹlòmíràn ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Màmá Rusanka jáde nínú aṣọ oorun, ife kọfí lọ́wọ́. Ọjọ́ kìíní tó máa sùn kọjá ìmọ́lẹ̀ nìyẹn látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé?" ó ní. "Ta ló kú?"

Aládùúgbò rẹ̀ kan ló wá fi ìtìjú dá a lóhùn. "Ìwọ ni, Rusanka."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n lẹ̀ ẹ́."

Màmá yíjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ pẹ́. "Ẹ ò rí fọ́tò tó dáa ju èyí lọ?" Ó na ọwọ́, ó bu àlìkámà díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì le. "Ta ló sè é? Inú rẹ̀ ò tíì jinná. Èyí lẹ fẹ́ fi sin mí?"

Ìgbà yẹn la tó mọ̀ dájú pé ó wà láàyè.

Ìròyìn dé ilé ìjọba. Snezhina ló ní láti sọ ọ́, láìpe ọ̀rọ̀ tí òfin kọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ó pẹ́ díẹ̀. "Alága, àwọn ará ìlú rò pé Rusanka ti... ti fẹ̀yìn tì pátápátá." Alága ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Snezhina ní, "Alága, wọ́n rò pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu mímí."

Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n já àwọn pósítà náà. Ṣùgbọ́n orúkọ Alága wà nísàlẹ̀ wọn. Ta ló lè já orúkọ Alága? Dípò bẹ́ẹ̀, ó rán ọkọ̀ onígbohùngbohùn jáde, ọkọ̀ náà ń yí ìlú ká, ó ń ké pé: "Ìjọba ìbílẹ̀ Dolna Lipa, lábẹ́ ìdarí ọlọgbọ́n Alága Velizar Tumbakov, fi tayọ̀tayọ̀ kéde pé láti agogo mẹ́wàá òní lọ, Rusanka wà láàyè!"

Ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá dá ọkọ̀ náà dúró. "Ọmọ mi, ẹ bá mi bẹ Alága kó kéde ọkọ mi náà. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní sàréè." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la ṣá. Ilé ò tíì mọ́."

Lọ́sàn-án, èrò pọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ, gbàgede iwájú rẹ̀ kún. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ò wá rí sí ìpàdé Alága. Àwọn kan wá kí màmá, àwọn kan wá rẹ́rìn-ín, àwọn tí ọkọ̀ onígbohùngbohùn ò dé àdúgbò wọn wá sunkún. Màmá jókòó níwájú lórí àga ọlá. Alága gun orí pèpéle, ó rí ènìyàn tí ń nu ojú, ó gbà pé òun ni. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ bí òun ṣe kọ́ ìlú, ó sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lásìkò òun, ó ti sọ̀rọ̀ títí kò tíì kan Rusanka, nígbà tí ọkọ̀ dúdú gígùn kan dúró.

Ọ̀gá Razpopov ni, olórí ẹgbẹ́ wọn láti Sofia, ẹni tó ń kọ orúkọ olùdíje tó sì ń pa á rẹ́. Ó wá láti gbé ọwọ́ Alága sókè níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ti rí obìnrin kan lára igi, lára igi, lára igi. Ó ní ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, ènìyàn ńlá ló kú. Ó ní kí awakọ̀ dúró ra òdòdó róbótó tí à ń gbé sórí sàréè. Òun nìyẹn, ó gbé e mọ́yà, ó rọra ń bọ̀ láàárín èrò, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e.

Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Alága. "Ẹ jẹ́ ká dìde, ká dákẹ́ fún ẹni tó lọ."

Gbogbo wa dìde. Màmá Rusanka náà dìde, nítorí ọmọlúàbí ni. A dákẹ́. Ẹ má bi mí bí a ṣe dákẹ́. Milkana ti fi ìka rẹ̀ sẹ́nu, ó ń gé e jẹ.

Ọ̀gá Razpopov sọ̀ kalẹ̀, ó rí obìnrin àgbàlagbà níwájú, ó rí i pé wọ́n jọra, ó tẹrí ba, ó gbé òdòdó náà lé e lọ́wọ́. "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni màmá wí. "Èèyàn dáadáa ni."

"Ṣé ẹ súnmọ́ ara yín?"

"Gan-an. Ọjọ́ kan ò yà wá rí."

Ọ̀gá Razpopov bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wo pósítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Ó tún wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún bí òjò tí ń bọ̀, ó dé iwájú, ó gbé gbogbo wa lọ. Kámẹ́rà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń gbà á sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo orílẹ̀-èdè ti rí olórí ẹgbẹ́ tó gbé òdòdó òkú fún alásè tó wà láàyè.

Ó fa Alága sẹ́yìn pèpéle. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ òun.

"Ọ̀gá," ni Alága ń wí, "ohun kékeré ni. Ó wà láàyè. A ti kéde rẹ̀!"

"Òun wà láàyè. Ìwọ ńkọ́? Tumbakov, ó parí. O ti ṣubú. O ti kú lọ́wọ́ mi."

Ilé ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Òfin wó lulẹ̀ pátá.

Orúkọ Velizar Tumbakov kúrò nínú ìwé ìbò. Ẹlòmíràn ló wọlé. Snezhina ti ń bá tọ̀hún kéde pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́ kí wọ́n tó ka ìbò tán.

Àwa ìyá ọmọ wá mú òkun wa, a lọ bá màmá nílé láti bẹ̀ ẹ́. A ní Alága ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ẹ̀bùn gidi nìyí: yàrá ní Balchik, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi.

Màmá gbọ́ wa tán. "Òkun? Ta ló ní mo fẹ́ lọ sókun?"

Gbogbo ojú yí sí mi. "Èmi ni, màmá."

"Ìwọ lo fẹ́ lọ. Wo ojú rẹ bó ṣe rẹ̀ ẹ́. Mú ọkọ rẹ, kí ẹ lọ." Ó jókòó. "Ẹ ṣe ìpàdé, ẹ lọ sílé ìjọba, ẹ lẹ̀ mí mọ́ igi. Ẹnìkan nínú yín ha bi mí bí?"

Mo ti ń fi Alága rẹ́rìn-ín láti ìgbà yẹn wá, mo wá rí i pé èmi náà ní pèpéle tèmi, ó kàn kéré ni.

"Ó dáa, màmá," ni Milkana wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Kí ni ẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ jókòó sídìí tábìlì jéléósinmi yẹn, kí ẹlòmíràn gbé abọ́ síwájú mi. Gbígbóná. Ní gbogbo ọdún tí mo fi dáná níbẹ̀, ìdúró ni mo fi ń jẹun, ìgbà tó bá sì kàn mí, ó ti tutù."

Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa dáná fún Màmá Rusanka? Mo se ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ náà tó pé. Àkọ́kọ́ jó. Ìkejì, ọkọ mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kí ó tó tọ́ ọ wò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, màmá jókòó lórí àga kékeré àwọn ọmọdé, a sì tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wa bí ọmọ iléèwé. Ó tọ́ bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì tí Milkana yan, wò, ó ní, "Ìyẹ̀fun pọ̀." Ó tọ́ ẹ̀wà mi wò, ó ní, "O bẹ̀rù iná." Òótọ́ ni, mo bẹ̀rù iná, mo bẹ̀rù ohun gbogbo. Nǹkan tó dùn mí jù ni pé kò sí èyí tó gbóná. A ti kó wọn wá láti ilé, a ti bá ara wa jiyàn lẹ́nu ọ̀nà lórí ẹni tó máa ṣáájú, òtútù sì ti bá wa jẹ níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Velizar Tumbakov wọlé, ó fi aṣọ ìnuwọ́ di ìkòkò mú, iwájú orí rẹ̀ pọ́n. Kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ṣí i, èéfín gbòde. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "nínú ìtàn ìlú wa..."

"Velizar," ni màmá wí. "Ìwọ lo sè é?"

Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Iná ti jó o ní àtàǹpàkò. "Èmi ni, màmá. Ibí yìí ni mo ti sè é, ní ìdáná yín. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tutù."

Màmá bu ṣíbí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tọ́ ọ wò. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

"Iyọ̀ pọ̀," ó ní. "Àlùbọ́sà ò jinná." Ó bu òmíràn. "Ṣùgbọ́n ó gbóná."

Ó fa abọ́ mọ́ra, ó ń jẹ, kò sì dáwọ́ dúró. Velizar dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe níbi tí wọn ò ti retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké náà, ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.